2147483647: nọ́ńbà wo nìyí tí mo ń bá pàdé níbi gbogbo?

Kọ́lá_Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń bá ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù tún àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fún wọn ti bá tirẹ̀ lọ, kò fi àlàyé kankan sílẹ̀. Mo ṣí ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà fóònù sí, ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

2147483647
2147483647
2147483647

Bẹ́ẹ̀ ló rí láti òkè délẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé akọ̀wé kan ló ya ọ̀lẹ, tó ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kún ojú gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí mo wá a lórí Google ni mo rí i pé nọ́ńbà yìí lókìkí ju gómìnà mìíràn lọ. Ibì kan ní òun ni òpin owó tí èèyàn lè ní nínú géèmù. Ibì kan ní òun ni ọjọ́ ìparun kọ̀ǹpútà. Ibòmíràn ní prime ni, pé Euler, onímọ̀ ìṣirò kan, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1772. Kọ̀ǹpútà wo ló wà lọ́dún 1772? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Ọ̀gá_Kóòdù

Kọ́lá, má pe nọ́ńbà yẹn o, ẹni ẹlẹ́ni lo máa jí lójú oorun. Kóòdù ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà ni 214, ìdí nìyẹn tó fi jọ nọ́ńbà fóònù gidi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju èyí lọ. Ẹni tó ṣe database náà sọ fún un pé INT (àyè tó ń gba nọ́ńbà nìkan) ni ibi tí nọ́ńbà fóònù ń gbé. INT ní bit 32 (bit ni àyè kékeré tó ń gba 0 tàbí 1 nìkan). Ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ bóyá iye náà wà lókè òdo tàbí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ku 31. Bí gbogbo 31 yẹn bá di 1, àyè ti tán. Iye tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni 2^31 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 2147483648 − 1. (Fún ẹni tí àmì yẹn ò bá yé: 2^31 ni kí o kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí o sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra wọn.)

Wá wo fóònù Nàìjíríà. 0803, 0706, 0905. Kọ̀ǹpútà máa ju òdo iwájú dànù, nítorí òdo iwájú ò wọn nǹkan kan. Díjíìtì mẹ́wàá ló kù, 7, 8 tàbí 9 ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní bílíọ̀nù méje, ilé tí à ń kó wọn sí ò sì gbà ju bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀. MySQL (ètò database) tí wọn ò bá tan strict mode rẹ̀ (ìlànà tó ń mú kó kọ iye tó bá pọ̀ jù) kì í bínú, kì í kọ̀. Á gé nọ́ńbà náà sí ibi tí agbára ẹ̀ mọ, á sì dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Èyí tó ti wọlé ti bàjẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Yí i sí VARCHAR (àyè tó ń gba ọ̀rọ̀) kí àwọn tó ń bọ̀ lè là. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ra wọn tẹ́lẹ̀?

Kọ́lá_Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yí i. Ọ̀rọ̀ fóònù ti parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò tíì gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn báyìí. Ṣé torí pé ó jẹ́ prime ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fi yàn án ṣe òpin ni? Àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́?

Jókòó_Ká_Sọ̀rọ̀

Kí àwọn tíṣà tó dé, ẹ jẹ́ kí n fi owó àwọn bàbá wa ṣírò ẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Tí mo bá fi í pín 2147483647, ó jẹ́ ọ̀kẹ́ 107,374, ó ṣẹ́ku 3,647. Ẹ ò rí i pé kò tóbi tó bẹ́ẹ̀? 😂 Owó ẹyọ tí wọ́n fẹ́ kó sínú ọ̀kẹ́ yẹn nìkan ni mi ò mọ ẹni tó máa rù ú.

Tíṣà_Ṣàgámù

Ẹ káàsán o. Kọ́lá, ìbéèrè ẹ dára, ìdáhùn rẹ̀ ò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tààrà. Ẹ fún mi láyè kí n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Prime ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀: 2, 3, 5, 7, 11, 13, a ń bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó dáadáa ní JSS1 ò nílò kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ò wo prime kankan. Iye bit ni wọ́n wò. Ẹ jẹ́ ká to àwọn òpin náà síbẹ̀ ká lè rí i:

bit 8: 2^7 − 1 = 127, prime ni.
bit 16: 2^15 − 1 = 32767, kì í ṣe prime. 7 × 31 × 151 ni.
bit 32: 2^31 − 1 = 2147483647, prime ni.
bit 64: 2^63 − 1 = 9223372036854775807, kì í ṣe prime rárá. 7 pín in lẹ́ẹ̀mejì.
bit 128: 2^127 − 1, prime ni, díjíìtì 39 ló ní.

Ẹ wo àwọn tó wà lókè 2 yẹn: 7, 15, 31, 63, 127. 7, 31 àti 127 jẹ́ prime. 15 àti 63 ò jẹ́ prime. Àwọn tó bàjẹ́ lókè ló bàjẹ́ nísàlẹ̀, ìdí ẹ̀ sì hàn kedere téèyàn bá kọ nọ́ńbà náà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́. 32767 lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ni 1 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tò tẹ̀lé ara wọn:

111111111111111

Pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta: 111 111 111 111 111. 111 lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ni 7. Bí 99 ṣe ń pín 999999 ní ọ̀nà tiwa ni 7 ṣe ń pín èyí. Tún pín wọn sí márùn-ún-márùn-ún: 11111 11111 11111. 11111 ni 31, òun náà pín in. Tí iye àwọn 1 yẹn bá ti ṣe é pín sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba, nọ́ńbà náà ò lè jẹ́ prime láé. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò ṣe é pín, a ò lè fi ọgbọ́n yìí mú 2147483647.

Ṣùgbọ́n ẹ má fò sókè o. Pé a ò lè fi ọgbọ́n yìí mú un ò ní kó mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Mọ́kànlá ò ṣe é pín, síbẹ̀ 2^11 − 1 = 2047 = 23 × 89. Nítorí náà Kọ́lá, ó ṣe kòńgẹ́, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ ọ̀hún ní ìdí tirẹ̀: 31 fúnra rẹ̀ ò ṣe é pín ló fi wọlé ìdíje, lẹ́yìn náà ló wá yege.

Fẹ́mi_Má_Purọ́

> lẹ́yìn náà ló wá yege

Ta ló dán an wò, Tíṣà? Kọ́lá sọ pé 1772. Nọ́ńbà bílíọ̀nù méjì, tí kò sí kọ̀ǹpútà, tí kò sí kàkùlétọ̀. Láti mọ̀ pé kò sí ohun tó pín in, ṣebí àfi kéèyàn gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Ó jọ ìtàn ìjàpá létí mi.

Tíṣà_Ṣàgámù

Fẹ́mi, o ò burú. Ẹni tí kò bá bi irú ìbéèrè yìí ò tíì ṣe tán láti kọ́ ìṣirò.

Kí a kọ́kọ́ dín iṣẹ́ náà kù bí gbogbo ayé ṣe ń dín in kù. Tí nọ́ńbà kan bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀ méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì ò lè ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ (ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi lọ́po ara rẹ̀, òun ló máa jẹ́). Gbòǹgbò 2147483647 kò pé 46,341. Prime tó wà lábẹ́ ìyẹn lé ní 4,700. Ìpín 4,700 pẹ̀lú ọwọ́! Èèyàn á darúgbó sí i.

Euler ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà ló ń gbé nígbà yẹn, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, àwọn èèyàn ló ń bá a kọ̀wé. Ohun tó mọ̀ nìyí.

Ká ní prime kan wà, ẹ jẹ́ ká pè é ní q, tó pín 2^31 − 1 dọ́gba. Ẹ máa fi 2 lọ́po 2, kí ẹ máa fi q pín in, kí ẹ máa wo ìyókù rẹ̀. Ìyókù yẹn á máa yí po, á sì padà di 1 ní ìgbésẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n, torí ohun tí "q pín 2^31 − 1" túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí 31 jẹ́ prime, kò lè ti padà di 1 ṣáájú. Ẹ̀wẹ̀, Fermat ará Faransé ti fi yé wa ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ìyókù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 ní ìgbésẹ̀ q − 1. Ohun tó ń padà sílé ní gbogbo ìgbésẹ̀ 31, tó sì wà nílé ní ìgbésẹ̀ q − 1, á jẹ́ pé 31 pín q − 1 nìyẹn. 2 náà sì pín q − 1, torí q kì í ṣe nọ́ńbà tí 2 ń pín. Nítorí náà q gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62 kan, pẹ̀lú 1 lórí.

Ẹ ti rí i pé ọ̀pọ̀ ti já. Ṣùgbọ́n ó kù. Bí 2^31 bá fi 1 sílẹ̀, 2^32 á fi 2 sílẹ̀. 2^32 sì ni 2^16 tí a fi lọ́po ara rẹ̀. Prime tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí ìlọ́po ara-ẹni kan fi 2 sílẹ̀, kì í jẹ́ irú èyíkéyìí: tí ẹ bá fi 8 pín in, 1 tàbí 7 ló máa kù. Ẹ pa òfin méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá fi 248 pín q, ìyókù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 tàbí 63. Kò sí ẹ̀kẹta.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ 46,341 tó bá òfin yìí mu ò pé 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe prime, ẹ lè jù wọ́n nù láìdán wọn wò. 63 ti jáde. 249 ni 3 × 83, ó jáde. 311, prime ni, a gbọ́dọ̀ dán an wò. 497 ni 7 × 71. 559 ni 13 × 43. 745, 5 ló parí ẹ̀. 807, 993, 3 pín méjèèjì. 1055, 5 tún ni. 1241 ni 17 × 73. 1303, prime ni. Ẹ wò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1303, méjì péré la máa fọwọ́ kàn:

2147483647 = 311 × 6905092, ó ku 35.
2147483647 = 1303 × 1648107, ó ku 226.

Báyìí ni Euler ṣe lọ títí dé 46,341, kò sí ọ̀kan tó pín in tán. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ní Berlin lọ́dún 1772. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó mọ prime tó tóbi jù ú lọ.

Fẹ́mi_Má_Purọ́

Mo ti fi fóònù mi dán 311 wò. 35 ló kù lóòótọ́. Ẹ má bínú sí mi, Tíṣà, mò ń bá yín bọ̀.

Bísí_Manchester

Ọ̀rọ̀ yìí dùn o, mo ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kọ́lá sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ìparun, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ṣé nọ́ńbà yìí náà ni wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n bá ti dárúkọ 2038?

Ọ̀gá_Kóòdù

Òun náà ni, àǹtí. Kọ̀ǹpútà tó ń lo ètò Unix kì í mọ oṣù, kì í mọ ọdún. Ìṣẹ́jú-àáyá ló ń kà, láti ọ̀gànjọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀ January 1, 1970 ní aago UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń díwọ̀n tiwọn). Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn ń kó iye yẹn sínú bit 32. Ìṣẹ́jú-àáyá 2147483647 jẹ́ ọjọ́ 24,855 pẹ̀lú wákàtí 3, ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7. Ó bọ́ sí ọjọ́ Tuesday, January 19, 2038, aago 3:14:07 ní UTC. Ní Èkó, 4:14:07 ìdájí nìyẹn, kí ìrun àsùbáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn ìyẹn, bit tó ń sọ òkè òdo tàbí ìsàlẹ̀ òdo á yí, iye náà á di −2147483648. Kọ̀ǹpútà náà á gbà pé December 13, 1901 ni òun wà. Bíi ẹni tó sùn sí Ọ̀yọ́ lónìí tó jí sí ayé àwọn bàbá bàbá rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àti fóònù tòní ti ń lo bit 64 fún àkókò, kò sí wàhálà fún wọn. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n dè mọ́ ògiri, tí kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ti YouTube náà wà níbẹ̀. Ní December 2014 wọ́n kéde pé àwọn èèyàn ti wo fídíò Gangnam Style ti Psy, ọmọ Kòríà, tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkà wọn ní láti kúrò ní bit 32 bọ́ sí 64. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọlù.

Àjọkẹ́_SS3

Ẹ káàsán sà, ẹ káàsán mà. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé nọ́ńbà yìí ní ìbejì? Wọ́n kọ́ wa pé prime méjì tí 2 bá wà láàárín wọn, bíi 11 àti 13, ìbejì ni wọ́n.

Tíṣà_Ṣàgámù

Àjọkẹ́, o káre. Dán an wò fúnra ẹ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni 2147483645, èyí tó wà lókè ni 2147483649.

Àjọkẹ́_SS3

Ti ìsàlẹ̀, 5 ló parí ẹ̀ sà, 5 pín in. Ti òkè, mo ro díjíìtì rẹ̀ pọ̀: 2+1+4+7+4+8+3+6+4+9 = 48. 3 pín 48, 3 á pín òun náà. Kò ní ìbejì sà.

Tíṣà_Ṣàgámù

Kò ní. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Prime tó súnmọ́ ọn jù nísàlẹ̀ ni 2147483629, lókè ni 2147483659.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló lè wọ̀. Tí ẹ bá fi 4 pín in, 3 ló kù, nítorí náà kò sí nọ́ńbà méjì tí ẹ lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ ro èsì wọn pọ̀, kó jẹ́ òun. 13 lè ṣe é, 4 + 9 ni. Òun ò lè ṣe é. Ẹgbẹ́ tó wọ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ Mersenne: prime tó jẹ́ 2 tí a fi lọ́po ara rẹ̀ léraléra, tí a yọ ọ̀kan kúrò. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, òun ni ẹ̀kẹjọ, lẹ́yìn 3, 7, 31, 127, 8191, 131071 àti 524287.

Mersenne fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé ilé àwọn mọ́ńkì ní Faransé. Ní 1644 ó tò wọ́n jáde títí dé 257, ó ní àwọn tó jẹ́ prime nìyí: 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127, 257. Ó gbà á lórí 31. Ó kùnà lórí 67 àti 257, ó sì gbàgbé 61, 89 àti 107. Cataldi ará Ítálì ti sọ tirẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn: ó ní 23, 29, 31 àti 37 ń fún wa ní prime. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 31 nìkan ló tọ̀nà. 2^23 − 1, 47 ló pín in. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń méfò.

Jókòó_Ká_Sọ̀rọ̀

Ẹni tó kùnà lórí nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo ẹgbẹ́. Èmi náà á ti lọ máa méfò láti òní lọ.

Fẹ́mi_Má_Purọ́

Ó dáa, mo gbà pé prime ni. Kí ni a fẹ́ fi ṣe? Òpin kọ̀ǹpútà á wà níbẹ̀ bó jẹ́ prime, bí kò jẹ́ prime. Euler ti fi ojú tó ń dùn ún ṣe iṣẹ́ tí kò wúlò.

Tíṣà_Ṣàgámù

Kì í ṣe ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Láti ara prime Mersenne kọ̀ọ̀kan ni a ti ń rí perfect number kan, ìyẹn nọ́ńbà tó dọ́gba pẹ̀lú àròpọ̀ gbogbo ohun tó pín in yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. 6 ni 1+2+3. 28 ni 1+2+4+7+14. Ti 2147483647 ni 2^30 × 2147483647 = 2305843008139952128. Lọ́dún 1811 Peter Barlow, ará Ìlú Ọba, kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni yóò tóbi jù láé, pé wọ́n wulẹ̀ ń yani lẹ́nu ni, wọn ò wúlò, kò sẹ́ni tó máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá èyí tó jù ú lọ. Lọ́dún 1876 Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti débi 2^127 − 1. Lọ́dún 1883 Pervushin, àlùfáà kan ní Rọ́ṣíà, fi hàn pé 2^61 − 1 náà jẹ́ prime. Barlow ò mọ irú èèyàn tó wà láyé.

Ọ̀gá_Kóòdù

Fẹ́mi, ẹ jẹ́ kí n gba ti Tíṣà lórí ọ̀rọ̀ ìwúlò, torí ó wúlò fún wa níbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta ayò. Tó bá fẹ́ mú nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò retí, ìṣirò ló ń ṣe. Lọ́dún 1988 Park àti Miller dá ọ̀nà kan lábàá tí ọ̀pọ̀ èèyàn lò: mú nọ́ńbà kan, fi 16807 lọ́po rẹ̀, fi 2147483647 pín in, ìyókù rẹ̀ ni nọ́ńbà tó kàn. Bẹ̀rẹ̀ láti 1:

1
16807
282475249
1622650073
984943658

Torí pé 2147483647 jẹ́ prime, tí wọ́n sì ṣa 16807 dáadáa, ó máa kàn gbogbo nọ́ńbà láti 1 títí dé 2147483646, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó padà sí 1. Ká ní kì í ṣe prime ni, kò lè lọ yíká báyẹn láé. 16807 náà kì í ṣe àjèjì, 7^5 ni. Lóde òní a ti ní ọ̀nà tó dáa jù ú lọ, ẹ má fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà fún báńkì yín o. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa bá a nínú C++ (èdè tí a fi ń kọ kóòdù), minstd_rand0 lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Fẹ́mi_Má_Purọ́

Ẹ ti bá mi wí tán. Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀kan sí i. 5 jẹ́ prime, ó fún wa ní 31. 31 jẹ́ prime, ó fún wa ní 2147483647. Òun náà jẹ́ prime. Ṣé 2^2147483647 − 1 náà á wá jẹ́ prime báyẹn lọ láìlópin?

Tíṣà_Ṣàgámù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe Fẹ́mi ní alátakò, ẹ wo ìbéèrè tó bi.

Ìdílé tó o kà yẹn, 5, 31, 2147483647, ibẹ̀ ló ti já. Nọ́ńbà tó kàn ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 646. Bí a bá ní ká tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ilé mi ò gbà á. Síbẹ̀ a mọ̀ pé kì í ṣe prime, torí a mọ ohun tó pín in: 295257526626031. Ẹ rántí òfin tí mo kọ sókè nípa q, pé 31 àti 2 gbọ́dọ̀ pín q − 1. Níbí, 2147483647 àti 2 ló gbọ́dọ̀ pín in. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 295257526626031, kí ẹ fi 4294967294 pín in. 68745 ni, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. Ọgbọ́n Euler yẹn náà ni wọ́n fi wá a.

Ìdílé kejì, 2, 3, 7, 127, 2^127 − 1, kò tíì já níbi tí a ṣírò dé. Ọmọ tó kàn níbẹ̀ tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà kankan lè dán wò lọ.

Bísí_Manchester

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń dán àwọn ńlá wò lónìí? Ọmọ mi sọ pé èyí tí wọ́n rí ní October 2024 ní díjíìtì mílíọ̀nù 41.

Tíṣà_Ṣàgámù

Òótọ́ ló sọ. 2^136279841 − 1 ni, òun ni ẹ̀kejìléláàádọ́ta nínú ẹgbẹ́ Mersenne tí a mọ̀. Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, ló rí i, lábẹ́ ẹgbẹ́ GIMPS tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ yìí káàkiri kọ̀ǹpútà àwọn olùyọ̀ǹda láti 1996.

Láti fi ẹsẹ̀ prime ẹgbẹ́ yìí múlẹ̀, wọn kì í wá ohun tó pín in. Ìdánwò Lucas àti Lehmer ni wọ́n ń lò. Bẹ̀rẹ̀ láti 4. Fi í lọ́po ara rẹ̀, yọ 2, fi nọ́ńbà tí ò ń dán wò pín in, mú ìyókù. Tún un ṣe. Fún 2^p − 1, ìgbà p − 2 lo máa ṣe é. Tó bá parí sí òdo, prime ni. Àjọkẹ́, mú ìwé, ká ṣe 127. p jẹ́ 7, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni.

Àjọkẹ́_SS3

4 × 4 − 2 = 14
14 × 14 − 2 = 194, ó ku 67
67 × 67 − 2 = 4487, ó ku 42
42 × 42 − 2 = 1762, ó ku 111
111 × 111 − 2 = 12319, ìyẹn 127 × 97. Ó ku 0!

Ẹ ò rí i sà! Fún 2147483647, ìgbésẹ̀ 29 péré nìyẹn.

Kọ́lá_Ìkòròdú

Mo fi Python (èdè kóòdù mìíràn) ṣe ti 29 yẹn báyìí. Ó parí sí 0. Kò gbà mí ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ọ̀gá_Kóòdù, mo rí i pé wọ́n tún ní INT UNSIGNED, tí kò gba ohun tó wà nísàlẹ̀ òdo, òpin tiẹ̀ sì jẹ́ 4294967295. Ṣé òun náà ní ìtàn?

Ọ̀gá_Kóòdù

2^32 − 1 nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe sọ, 32 ṣe é pín, kò lè jẹ́ prime. Mo fi í sílẹ̀ fún Àjọkẹ́.

Àjọkẹ́_SS3

1 méjìlélọ́gbọ̀n, mo pín wọn sí ọ̀nà méjì: 65535 × 65537. 65535, 1 mẹ́rìndínlógún ni, mo tún pín in sí méjì: 255 × 257. 255 ni 15 × 17. 15 ni 3 × 5. Nítorí náà:

4294967295 = 3 × 5 × 17 × 257 × 65537

Tíṣà_Ṣàgámù

Márààrún tó o kọ sílẹ̀ yẹn ni gbogbo prime Fermat (prime tó jẹ́ 2 tí a fi lọ́po ara rẹ̀ léraléra, tí a fi 1 kún) tí ọmọ aráyé tíì rí, kò sí ẹ̀kẹfà. Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, sì ti fi hàn pé ẹni tó bá ní kọ́ńpáàsì àti rúlà tí kò ní àmì kankan lè ya àwòrán tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tí iye ẹ̀gbẹ́ náà jẹ́ 4294967295. Nínú àwọn iye ẹ̀gbẹ́ tí 2 ò lè pín, òun ló tóbi jù tí a mọ̀ pé ó ṣe é yà.